Oògùn Tí Ìlú Ọ̀sánrìn Jẹ Mọ́ Ẹran

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa sùn kó tètè máa lọ sílé, nítorí bí mo bá dé àárín ìtàn yìí tí mo gbọ́ ìhanrun, orúkọ oníhanrun ni n ó fi sọ iwin tó burẹ́wà jù nínú rẹ̀, àwọn ọmọ yín á sì máa fi pè é títí ayé. Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n nígbà tí ẹ̀tù tán nínú ìbọn mi, tó jẹ́ pé igbe lásán ni mo fi lé e wọ inú kòtò. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ṣé bàbá rẹ kò jẹ nínú ẹran náà ni? Ó jẹ ẹ́, ó sì tún bèèrè eegun. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́jàyí ni, ọdẹ tó gbójú jù mí lọ, ẹ má sọ fún ìyàwó mi pé mo wí bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìbànújẹ́ ni, mo ti sọ fún yín o.

Ní ìlú wa, Ọ̀sánrìn, àìsàn kan wà tí à ń pè ní Sùn-má-jìí. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ló máa ń dé. Ọmọ á jẹun tán, á ṣeré tán, á ní oorun ń kun òun, wọ́n á tẹ́ ẹní fún un, ó di pé kò jí mọ́. Ẹ̀mí á wà lára rẹ̀ o; bí wọ́n bá ń kán omi ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, á máa gbé e mì. Ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́kọ́ bá ti kan ilẹ̀, ọmọ náà á kú. Àgbàlagbà kì í kó o. Ọmọdé ló ń mú, àti ewúrẹ́. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó mú Ìbíyẹmí, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó Ọdẹ́jàyí bí fún un kó tó kú. Ọmọ náà kì í dákẹ́ bó bá lajú. Ẹ̀gà ni bàbá rẹ̀ máa ń pè é. Ìgbà tí ilé rẹ̀ dákẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀rẹ́ mi mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

Ó gba ààfin lọ. Ọba tuntun ló wà lórí ìtẹ́, àwọn ìjòyè sì pé jọ, nítorí ọmọ tó ti sùn nílùú ti pọ̀. Kábíyèsí ní, "Ọdẹ́jàyí, wọ́n ní ìlú kan wà ní òdìkejì Igbó Àìfohùn, Ẹ̀yìn-Ọ̀la ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n ti wá oògùn gbogbo nǹkan rí. Lọ bá wa mú oògùn Sùn-má-jìí wá. Èyí tó ti jiná ni o, kì í ṣe èyí tí a óò tún máa bọ́ bí ọmọ."

Ìyálóde tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bú sẹ́kún. Ó ní, "Bí ẹ bá ti jẹ́ kí Àwẹ̀ró parí iṣẹ́ rẹ̀, ta ni ìbá máa rìn nínú igbó?"

Ọ̀tún jágbe mọ́ ọn, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́! Ìgbà ẹnìkan ti kọjá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Àwẹ̀ró jẹ́, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan ni, àgbà ni, tí ọba àná kọ́ ahéré fún lẹ́yìn ààfin pé kó máa wá oògùn Sùn-má-jìí. Àká ìlú ni wọ́n ti ń bu iṣu àti epo fún un. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, Àwẹ̀ró ṣì ń wá. Ìgbà tí ọba àná wàjà, àwọn ìjòyè jókòó, wọ́n ní kí ló ti rí? Wọ́n ní àwọn kò lè máa fi iṣu ìlú bọ́ ẹni tó ń fi ewé ṣeré. Wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin ló yẹ kí àwọn tún ṣe, àlejò á rí ìyẹn. Wọ́n dá oúnjẹ rẹ̀ dúró. Obìnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó jáde nílùú, ẹnì kan kò sì bi í pé níbo lò ń lọ. Èmi náà kò bi í.

Ọdẹ́jàyí gbé Ìbíyẹmí wá sílé mi, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó ní kí ìyàwó mi máa kán ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Ó wo ojú ọ̀run, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bá mi bẹ òjò." Bí ó ṣe lọ nìyẹn.

Igbó Àìfohùn, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹyẹ ibẹ̀ ń la ẹnu, kò sí ohùn. Ọ̀bọ ń fò, ẹ̀ka ń kán, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Àárín rẹ̀ ni iwin kan ti dìde sí Ọdẹ́jàyí, Kòṣeéyàfún lorúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ rí bí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, ó sì nípọn bí ìtí ọ̀pẹ. Òun nìkan ló ní ohùn nínú igbó náà, ó ti gba ti gbogbo yòókù.

Ó ní, "Ta ló fún ọ láyè kó o máa mí níbí?"

Ọdẹ́jàyí ní, "Ẹni tó fún ìwọ náà láyè. Èmi Ọdẹ́jàyí, ọmọ akọ ọdẹ tí ń sùn sẹ́nu ihò ejò! Yà fún mi, ọmọ mi ń bẹ lórí ẹní."

Wọ́n bá gbá ara wọn mú. Igi wó, òkúta yí. Ọ̀rẹ́ mi gbé iwin náà ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iwin náà sì gbé e ṣánlẹ̀ títí ó fi gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹsẹ̀ kan yẹn ni mi ò bá kọ́kọ́ gé, ṣùgbọ́n a kì í wà nílé ká mọ bí ìjà oko ṣe rí. Iwin náà jókòó lé e láyà, ó ní, "N kò ní pa ọ́ bó o bá já àlọ́ mi. Kí ni à ń bọ́ lónìí tí kò ní kí wa kú oúnjẹ, tó jẹ́ pé ọmọ ọmọ wa ni yóò bá wa gba ìdúpẹ́ rẹ̀?"

Ọdẹ́jàyí rò ó, ó ní, "Àwọn òkú ọ̀run ni. À ń fún wọn ní tiwọn, àwọn náà ń bá wa tọ́jú ọmọ."

Kòṣeéyàfún rẹ́rìn-ín títí ewé fi ń já lórí igi. "Mo mọ̀ pé ará Ọ̀sánrìn ni ọ́! Ìdáhùn tí gbogbo yín máa ń fún mi nìyẹn. Òkú lẹ mọ̀ ọ́n bọ́. O kò já a, àmọ́ àánú ọmọ rẹ ṣe mí. Ìbọn rẹ ni n ó gbà. Máa lọ, wàá rí ìdáhùn rẹ̀ níwájú." Bí wọ́n ṣe gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ nìyẹn, ó ń lọ lọ́wọ́ òfo bí ẹni tó ń re odò.

Ìlú àkọ́kọ́ tó dé ni Ìlú Wéré. Ọba ibẹ̀ ní àwọn olùwádìí o, wọ́n pọ̀ bí èèrà, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá gbé ohun tuntun kan wá síwájú òun kí oòrùn tó wọ̀ kò ní jẹun. Ẹ wá wo ìran! Ọkùnrin kan gbé iná wá, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n fún un ní àmàlà. Òmíràn kun igbá ní osùn, ó ní igbá tí ń dáná fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n bu ẹran lé tirẹ̀. Igbá náà kò dáná kankan. Ọdẹ́jàyí sọ ohun tó gbé e wá, ọba náà sì ní, "Ìyẹn ṣòro? Ẹ ṣe oògùn Sùn-má-jìí fún àlejò!" Kí ó tó jókòó, oògùn ti dé nínú àdó, ó pupa, ó ń dán. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré padà sílé. Ẹni tó gbé àdó náà fún un ló wá sọ̀rọ̀ sí i létí pé, "Bàbá, ẹ má fún ọmọ yín mu. Omi àti osùn ni. Ọdún kan péré ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí n fi wá nǹkan gidi, wọ́n ní ta ni yóò bọ́ mi títí ọdún kan?" Ọkùnrin náà ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ọdẹ́jàyí da àdó náà sílẹ̀, ó jáde.

Bí mo bá ní kí n máa ka ohun tó rí lọ́nà, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lórí. Ó gun òkè tó ń yọ̀ sílẹ̀ bí a bá ṣe ń gùn ún, ó bá ejò olórí méjì sùn, orí kan ń ṣọ́ ọ, èkejì ń bá a sọ̀rọ̀ ìyàwó. Ó dé Ẹ̀yìn-Ọ̀la pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú.

Bó ṣe ń wọ ẹnubodè ni ọkùnrin kan ń ti ọ̀nà mìíràn bọ̀, eruku bò ó, ọba ìlú náà sì jáde pàdé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, mi ò rí i. Láti ìgbà tí mo ti lọ wá ìdí tí kànga wa fi ń gbẹ, ọ̀nà tí mo gbà kò já síbì kan."

Ọdẹ́jàyí ti ń wá ibi tí wọ́n fi ẹgba pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọba náà ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárẹ̀. Ẹ bá mi fún un lómi. Ó kéré tán, a ti mọ ọ̀nà tí a kò ní gbà mọ́."

Àgbàyanu lèyí jẹ́ fún ọ̀rẹ́ mi. Ó bèèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń bọ́ ẹni tó lọ lófo tó bọ̀ lófo. Ọba náà ní, "Iṣu tí a bá kọ́kọ́ wà nínú oko kọ̀ọ̀kan, àká àwọn olùwádìí ló ń lọ. Oko tèmi náà wà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò ń mú tiwọn wá, nítorí bí ìwádìí bá so, àwọn ló ń kọ́kọ́ tà á. Bí ọba bá wàjà, ẹni tó máa jẹ kò ní dé adé àfi bó bá kọ́kọ́ lọ búra lẹ́nu ọ̀nà àká yẹn pé òun kò ní fọwọ́ kàn án. Ìwádìí kì í mọ̀ pé ọba kú, ọdẹ. Iṣu rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n."

Orí ọ̀rẹ́ mi wú. Àlọ́ iwin yẹn yé e lójú ẹsẹ̀ pé ìwádìí ni, ó sì dùn ún wọ eegun.

Wọ́n mú un lọ bá àgbà àwọn olùwádìí, ẹni tó wo àrùn tó ń fọ́ àwọn apẹja ìlú náà lójú sàn. Wọ́n ní bó bá kọjá lójú ọjà, ọ̀dọ́ àti àgbà ló ń kúnlẹ̀ kí i. Ilẹ̀kùn ṣí. Àwẹ̀ró ni.

Ọdẹ́jàyí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ọmọ mi ni. Ìbíyẹmí ni. Sùn-má-jìí ti mú un."

Obìnrin náà jókòó. Ó ní, "Dìde. Mo mọ èèpo igi tó ń jí wọn. Etí odò wa nílé ló wà, kò sí níbòmíràn. Ìwọ̀n rẹ̀ ni n kò mọ̀. Bó bá kéré, kò ní ran ọmọ. Bó bá pọ̀ jù, ọmọ á jí, àmọ́ àyà rẹ̀ á bẹ́. Ewúrẹ́ ni mo fi ń wá ìwọ̀n náà. Ọyẹ́ kan ṣoṣo ló kù mí kù."

"Àwọn ewúrẹ́ yẹn dà, Ìyá?"

Ó wò ó. "Ìwọ ò mọ̀? Nígbà ìsìnkú Kábíyèsí, àwọn àlejò ya wọ̀lú, ẹran kò tó. Ọ̀tún ní ewúrẹ́ ọba ni wọ́n, òkú ọba ló sì ni wọ́n. Ó ní ìtìjú ni kí àlejò máa jẹ ọbẹ̀ lásán nígbà tí ewúrẹ́ ọba ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìn ààfin. Mo kúnlẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí ojú ti ìlú ni? Wọ́n pa gbogbo wọn tán, wọ́n sì bu tèmi sínú àwo fún mi. N kò lè fi kan ẹnu. Ọdẹ́jàyí, ìwọ ńkọ́? O jẹ níbẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi kò lè gbójú sókè. Ó ní, "Mo jẹ ẹ́, Ìyá. Ó dùn."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ta ni kò jẹ ẹ́ nínú wa? A fi ewé nu ìkòkò.

Àwẹ̀ró nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Mo bẹ ọba ibí pé kó jẹ́ kí n parí ti Sùn-má-jìí níhìn-ín. Ó ní Sùn-má-jìí kò sí lọ́dọ̀ àwọn, ohun tó ń ṣe ọmọ tiwọn ni àká wọn ń bọ́. N kò bínú sí i. Ta ni kò ní wo ọmọ tirẹ̀ ná? Iṣẹ́ yẹn, Ọ̀sánrìn ló ni ín."

Wọn kò dá a dúró. Wọ́n sìn ín dé ẹnubodè, wọ́n ń sunkún. Ìyá arúgbó yẹn fi ilé àti iyì sílẹ̀, ó tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi gba inú igbó padà. Kòṣeéyàfún rí wọn lókèèrè, ó yà fún wọn. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ilé ni ojú ọ̀run ń dúdú.

Wọ́n dé. Ìbíyẹmí ṣì ń mí, àmọ́ ó ti gbẹ, ìyàwó mi ló ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Àwẹ̀ró gé èèpo igi náà létí odò, ó gún un, ó sè é. Ọba àti àwọn ìjòyè kó wá sínú àgbàlá mi.

Ó sọ fún wọn láìfi bò pé, "Oògùn rèé. N kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí mo bá ní ọyẹ́ kan sí i, ewúrẹ́ ni ìbá sọ ọ́ fún wa. Òjò kò ní dúró dè wá. Ọmọ kan ni yóò kọ́kọ́ mu ún."

Ọ̀tún wá rọra ní, "Àwọn àtìpó tó wà lẹ́yìn odi, ọmọ tiwọn náà ń sùn. A lè ti ọ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀." Ọba wolẹ̀. Ó fẹ́ gbà, mo rí i lójú rẹ̀.

Ọdẹ́jàyí dìde. "Àwọn àtìpó kò jẹ nínú ewúrẹ́ yẹn, Ọ̀tún. Ẹ lé wọn kúrò nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ náà, ẹ ní wọn kì í ṣe ọmọ ìlú. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ọmọ mi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀."

Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ kan ṣoṣo ni." Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi.

Ó gbé orí ọmọ náà lé itan. Àwẹ̀ró bu ìwọ̀n kan nínú oògùn náà, ó kán an sí i lẹ́nu títí èyí tó bù fi tán. A dúró. Ìbíyẹmí mí kanlẹ̀, ó la ojú. Ẹ̀yin ènìyàn mi, igbe ayọ̀ tó sọ nínú àgbàlá mi, àwọn tó wà lóko gbọ́ ọ! Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ti dé. Kí lẹ pa bọ̀?"

Ọdẹ́jàyí ní, "Mi ò pa nǹkan kan, Ẹ̀gà mi."

Ó ní, "Kò burú. Ẹ ṣáà ti dé." Ó wá di àyà rẹ̀ mú. Ó ní ó ń ta òun. Àwẹ̀ró bu omi tútù, ó ń wọ́n ọn, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ tó bí ènìyàn ṣe ń jẹ ẹ̀kọ kan tán, ọmọ náà kú lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Mo sunkún. N kò mọ̀ pé ọkùnrin lè sunkún bẹ́ẹ̀ níwájú ọba rẹ̀.

Àwẹ̀ró kò dúró sunkún, ojú rẹ̀ ń ṣomi ni, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó tún bu ìwọ̀n kan náà, ó pín in sí méjì, ó gbé ìdajì kan, ó ní ọmọ tó kàn dà? Ọmọ àtìpó kan ló kàn, ìyá rẹ̀ ló gbé e wá fúnra rẹ̀. Ọmọ náà jí. Àyà rẹ̀ kò bẹ́. Kí òjò tó rọ̀, gbogbo ọmọ tó ń sùn ní Ọ̀sánrìn ti jí, wọ́n ń bèèrè oúnjẹ. A sin Ìbíyẹmí nínú òjò náà.

Ọba pàṣẹ lẹ́yìn náà pé kí àká àwọn olùwádìí wà nílùú wa. Àwẹ̀ró kò padà sí Ẹ̀yìn-Ọ̀la mọ́. Ó wà ní ahéré rẹ̀, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, títí ó fi sinmi. Àwọn tó kọ́ ló wà níbẹ̀ báyìí. Bí ọba tó ń bọ̀ yóò bá pa àká náà mọ́, n kò mọ̀. Ó ku ọwọ́ ẹ̀yin tó máa fi í jẹ.

Ọ̀sẹ̀ tí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ lẹ́yìn òjò yẹn ni obìnrin àtìpó yẹn wá sọ́dọ̀ Ọdẹ́jàyí, ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Èmi náà wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, kò lè sọ ohun tó wá sọ. Ọ̀rẹ́ mi ló gbà á sílẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ̀n wo ni wọ́n fún un?"

Obìnrin náà wolẹ̀. "Bàbá, ìdajì èyí tí wọ́n fún Ìbíyẹmí ni."

Ọdẹ́jàyí mi orí. Ó ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀." Ó na ọwọ́, ó gba ọmọ náà, ó gbé e lé itan, kò sì tètè dá a padà fún ìyá rẹ̀. Obìnrin náà kò bèèrè rẹ̀.

Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyí. Ẹ dìde, ẹ gbọn aṣọ yín. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ń sùn nílé, kó rọra lọ jí i wò.